Nọ́ńbà Tí Mo Pààrọ̀ Nítorí Alàgbà

Èlùbọ́ ni mo ń yí padà lórí àpáta ẹ̀yìnkùlé wa ní Èsìẹ́ kí n tó jókòó kọ ìwé yìí. Òjò ń ṣú bọ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ kejì rí oòrùn díẹ̀ kí n tó kó o wọlé. Ilé-ẹ̀kọ́ girama tí mo ti jáde ló ní kí àwa tí a ti fẹ̀yìn tì kọ ìtàn iṣẹ́ wa, kí àwọn ọmọ tó ń múra àtijáde lè kà á kí wọ́n tó yan iṣẹ́. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ti bẹ̀ mí. Mo ń sún un síwájú lójoojúmọ́. Kì í ṣe pé mi ò rí nǹkan sọ. Ohun tí mo gbọ́dọ̀ sọ gan-an ló ń já mi láyà.

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ nínú yàrá kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan tí kò jìnnà sí Òmù-Àrán. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà, mi ò kà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n ṣe gbà mí kò gùn: wọ́n ń wá ẹni tó lè tẹ̀wé láìṣì, èmi sì lè tẹ̀wé láìṣì. Owó oṣù kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń wọlé. Ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn sílẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà ńlá àkọ́kọ́ dé, wọ́n mú mi kúrò nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, wọ́n ní kí n lọ máa kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ọ̀gá Bámigbóyè. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kì í rẹ́rìn-ín, kì í sì í gbé ohùn sókè. Ẹ̀rọ náà jẹ́ ti ìdílé tí wọ́n ń pè ní Unix. Ó tóbi tó àpótí aṣọ, gbogbo ọ́fíìsì ló sì so mọ́ ọn pẹ̀lú wáyà. Ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ á jókòó sídìí gíláàsì tirẹ̀ tí ọ̀rọ̀ ń hàn lójú rẹ̀, á kọ orúkọ rẹ̀, á kọ ọ̀rọ̀ àṣírí rẹ̀ tí gbogbo wa ń pè ní páswọ́ọ̀dù, ẹ̀rọ á sì ṣílẹ̀kùn fún un. Iṣẹ́ tiwa ni pé kí ẹ̀rọ dá ẹni náà mọ̀, kí ẹlòmíràn má sì fi orúkọ rẹ̀ wọlé. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á ní kí ló wà níbẹ̀.

Oṣù mẹ́fà ni Ọ̀gá ò fi jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà. Ohun tó kọ́kọ́ kọ́ mi ni bí a ṣe ń kọjú sógiri. Bí ẹnikẹ́ni bá wọlé wá tẹ páswọ́ọ̀dù, èmi àti Ọ̀gá á yí padà, a ó máa wo ògiri títí yóò fi ní òun ti parí. Lọ́jọ́ kan mo yíjú padà kí ẹni náà tó sọ̀rọ̀. Ọ̀gá ò bá mi wí lójú rẹ̀. Nígbà tó lọ tán, ó ní kí n jókòó síta títí iṣẹ́ á fi parí. Mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi máńgòrò láti aago mẹ́wàá, gbogbo àwọn tó ń kọjá ń kí mi pé ṣé kò sí láburú.

Akọ̀wé kan wá nígbà kan, ó ní, "Ọ̀gá, mo ti gbàgbé páswọ́ọ̀dù mi. Ẹ bá mi yọjú wò ó nínú ẹ̀rọ."

"Mi ò lè rí i."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni ẹ̀rọ?"

"Bí mo bá bu èlùbọ́ fún ẹ, ṣé o lè sọ ọ́ di iṣu padà?"

"Rárá o."

"Èlùbọ́ ló wà nínú ẹ̀rọ. Tóo bá mú iṣu rẹ wá, á lọ̀ ọ́, á fi wé èyí tó wà nílẹ̀. Tí wọ́n bá jọra, á jẹ́ kóo wọlé. Iṣu fúnra rẹ̀ ò sí lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni."

Akọ̀wé náà mí kanlẹ̀. "Ọ̀gá, mi ò tíì jẹun láti àárọ̀, ẹ wá ń sọ̀rọ̀ iṣu."

Èmi rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín. Ó fún un ní páswọ́ọ̀dù tuntun, ó sì ní kó pààrọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Àwa méjèèjì kọjú sógiri.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ ra ẹ̀rọ kejì. Linux ni wọ́n fi ń darí ìyẹn. Mọ̀lẹ́bí Unix ni, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Ọ̀gá sọ èyí àtijọ́ ní Ìyálé, ó sọ tuntun ní Ìyàwó, orúkọ náà sì mọ́ wọn lára. Kò pẹ́ tí a fi rí i pé wọn kì í fi ọlọ kan náà lọ nǹkan. Èlùbọ́ tí Ìyálé lọ̀, Ìyàwó ò mọ̀ ọ́n. Ìyálé kì í ka páswọ́ọ̀dù kọjá lẹ́tà mẹ́jọ; ẹni tó bá kọ ogún, méjìlá tó kù asán ni. Ìyàwó ní tirẹ̀ ń ka gbogbo rẹ̀. Nítorí náà, kálukú ní láti ní páswọ́ọ̀dù méjì. Àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà, sábẹ́ tábìlì, ẹnì kan tilẹ̀ kọ tirẹ̀ sínú ìwé orin ìsìn. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, èmi àti Ọ̀gá á máa lọ láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì, a ó máa ya ìwé kúrò lára ògiri. Wọ́n ń bú wa. Láti ìgbà náà ni mo ti ń sùn bí ẹni tí kò ti ilẹ̀kùn.

Ó ku ohun kan tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ìtàn yìí tó lè yé yín. Ẹ̀rọ kò mọ orúkọ ènìyàn. Nọ́ńbà ló mọ̀. Bí o bá kọ ìwé kan pamọ́ sínú rẹ̀, kò ní kọ orúkọ rẹ sí i lára pé ìwọ lo ni ín. Nọ́ńbà rẹ ni yóò kọ. Ìgbà tí ẹnì kan bá béèrè pé ta ló ni ín, ìgbà náà ni ẹ̀rọ á tó lọ wo ìwé orúkọ, á wo ẹni tó ni nọ́ńbà yẹn lónìí, á sì dárúkọ rẹ̀. Ọ̀gá ń pín nọ́ńbà bí a ṣe ń ka ìyàwó nínú agboolé: ẹni tó kọ́kọ́ wọlé ló ṣáájú, ì báà jẹ́ ọmọdé jùlọ.

Ọ̀rọ̀ dé ibi tó ń dùn mí wàyí.

Ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń tọ́jú èsì ìdánwò, Alàgbà Ọláyíwọlá ni olórí. Alàgbà ìjọ ni lóòótọ́, gbogbo wa ló sì ń bọ̀wọ̀ fún un. Ọmọbìnrin kan ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, Ràfátù, ọmọ Rórè, ó já fáfá, ó sì lẹ́nu bí abẹ. Nígbà tí Ìyálé dé, Alàgbà ní òun ò ní bá ẹ̀rọ da nǹkan pọ̀. Ràfátù ló kọ́kọ́ wá gba nọ́ńbà. Tirẹ̀ ni 114. Nígbà tí Alàgbà gbà níkẹyìn, ènìyàn ti pọ̀. Ó gba 131.

Nígbà tí a fẹ́ kọ orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ sínú Ìyàwó, Ọ̀gá wà ní ọsibítù ní Ìlọrin, wọ́n ń ṣe ojú rẹ̀. Èmi nìkan ni mo wà nídìí ẹ̀rọ. Alàgbà wọlé, ó rí ìwé tí mo tò lórí tábìlì, ó fi ìka tọ́ ọ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Modúpẹ́, kí lèyí?"

"Nọ́ńbà ni, sà. Ẹ̀rọ nìkan ló ń lò ó."

"Ràfátù tí mo fọwọ́ ara mi gbà síṣẹ́ ló wá wà lókè mi?"

Ràfátù wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé fáìlì dání. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ ní ẹ ò ṣe kọ̀ǹpútà. Ẹ ti gbàgbé? Ẹ ní iṣẹ́ ọmọdé ni."

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́." Ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó wá yíjú sí mi. "Ọmọ mi, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìwọ náà bá mi tún un ṣe."

Mo tún un ṣe. Nínú Ìyàwó, mo fún Alàgbà ní 114, mo fún Ràfátù ní 131. Mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ sínú ìwé eléwé ọgọ́ta mi. Mo rò pé ọ̀wọ̀ ni. Mi ò sọ fún Ọ̀gá nígbà tó dé, nítorí mo mọ̀ pé kò ní fara mọ́ ọn. Kò sì sí ohun tó ṣẹlẹ̀, nítorí ẹ̀rọ méjèèjì ò tíì máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Odidi ọdún mẹ́rin. Mo gbàgbé.

Gbogbo ènìyàn ń bẹ̀ wá pé kí a so ẹ̀rọ méjèèjì pọ̀, kí páswọ́ọ̀dù kan ṣoṣo tó. Ọ̀gá kọ̀ fún ọdún méjì. Ó ní ọ̀nà tó wà nígbà náà dà bí ẹni tó dúró láàárín ọjà tó ń kígbe àṣírí ilé: ohun tí Ìyálé bá ń sọ fún Ìyàwó á máa gba inú wáyà lọ ní gbangba, ẹni tó bá fetí sí wáyà á gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó dúró títí a fi rí ọ̀nà tí wọ́n fi ń di ọ̀rọ̀ náà kó tó wọ inú wáyà, tí ẹ̀rọ kejì nìkan sì lè tú u. Nígbà náà ló wá gbà. Ìwé orúkọ kan ṣoṣo ni yóò wà, lọ́dọ̀ Ìyálé. Bí ẹnì kan bá kan ilẹ̀kùn Ìyàwó, Ìyàwó á béèrè lọ́wọ́ Ìyálé pé, ṣé ẹ mọ ẹni yìí? A ó sì pa ìwé orúkọ Ìyàwó rẹ́.

Kí a tó pa á rẹ́, Ọ̀gá bi mí pé, "Ṣé o ti fi nọ́ńbà ìhín wé tọ̀hún?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Mo ti fi wé lóòótọ́. Mo ka iye tó wà níhìn-ín, mo ka iye tó wà lọ́hùn-ún, wọ́n dọ́gba. Mo rí 114 níbí, mo rí 114 lọ́hùn-ún, mo fàmì sí i. Mo ka iye, mi ò ka ẹni. Ẹ̀yin ọmọ tó ń ka èyí, ẹ dúró níbí díẹ̀. Lọ́jọ́ náà ni gbogbo ìwé tí Alàgbà ti kó pamọ́ sínú Ìyàwó láti ọdún mẹ́rin di ti Ràfátù, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, olùkọ́ kan fẹ̀sùn kàn pé máàkì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méje ti yí padà. Ẹni tó fìdí rẹmi ti yege, ẹni tó yege ti fìdí rẹmi. Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ dìde. Wọ́n ní kí n tẹ ojú ewé tó ń fi ẹni tó ni fáìlì máàkì náà nínú Ìyàwó hàn jáde, nítorí ẹni tó ni fáìlì nìkan ló lè yí ohun tó wà nínú rẹ̀ padà. Mo tẹ̀ ẹ́. Ràfátù ló jáde. Èmi fúnra mi ni mo fi ọwọ́ mi gbé ìwé náà fún ìgbìmọ̀. Kí ó tó di ọ̀sán, wọ́n ti fún Ràfátù ní ìwé pé kó lọ jókòó sílé. Ó kọjá lójú fèrèsé wa. Kò sunkún. Ó kàn ń sọ fún ẹni tó bá pàdé pé, "Mi ò ṣe é o. Mi ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀."

Ohun kan ń gún mi lọ́kàn. Ní ìrọ̀lẹ́, mo padà sídìí ẹ̀rọ, mo ní kó fi nọ́ńbà hàn mí dípò orúkọ. Ó kọ 114. Mo wo ọjọ́ tí wọ́n yí fáìlì náà kẹ́yìn: ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú kí a tó so ẹ̀rọ pọ̀. Mo ṣí ìwé eléwé ọgọ́ta mi. Ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ wà níbẹ̀: 114, Alàgbà Ọláyíwọlá.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí mi ò fi sáré jáde. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi dákẹ́. Mo ń ro iṣẹ́ mi. Mo ń ro àwọn ọmọ mi mẹ́ta tó wà nílé-ẹ̀kọ́. Mo ń ro pé bóyá wọ́n á tú Ràfátù sílẹ̀ fúnra wọn, kí èmi má tiẹ̀ sọ̀rọ̀ rárá. Ní ọjọ́ kejì mo gbọ́ tí obìnrin kan ń sọ nínú ọkọ̀ Àjàṣẹ́-Ìpo pé ọmọ Rórè kan ló ń ta máàkì, pé ó ti fi kọ́lé. Mo wà níwájú, mi ò wẹ̀yìn, mi ò sọ̀rọ̀. Ẹyin lohùn, àwọn àgbà wí i. Èyí ti bọ́, ó ti fọ́, èmi sì ni mo jẹ́ kó bọ́.

Ní ọjọ́ kẹta mo lọ bá Ọ̀gá. Mo gbé ìwé náà síwájú rẹ̀. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ó gbé e sún mọ́ imú.

"Ta ló pààrọ̀ rẹ̀?"

"Èmi ni, sà."

"Ta ló ní kóo pààrọ̀ rẹ̀?"

"Alàgbà ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ni, sà."

Ó pa ìwé náà dé. "Mo bi ọ́ bóo ti fi wéra. Mi ò wò ó fúnra mi. Èyí jẹ́ tèmi, màá kọ ọ́ fún wọn. Ìyókù jẹ́ tìrẹ. Ìgbìmọ̀ máa jókòó ní aago mẹ́wàá. Lọ."

"Ṣé ẹ ó bá mi lọ, sà?"

"Ṣé mo bá ọ lọ nígbà tóo ń pààrọ̀ rẹ̀?"

Mo lọ. Ràfátù àti ìyá rẹ̀ wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá náà gbé agboòrùn sórí itan, ó kí mi dáadáa. Kò mọ ẹni tí mo jẹ́. Alàgbà wà nínú yàrá ìgbìmọ̀, ó jókòó bí ẹlẹ́rìí. Mo sọ gbogbo rẹ̀, mo fi ìwé mi hàn wọ́n.

Alága ìgbìmọ̀, ìyá àgbàlagbà kan, gba orí awò ojú rẹ̀ wò mí. "Ìyẹn ni pé irọ́ ni ìwé tí ẹ gbé wá fún wa?"

"Ohun tí mo kọ́ ẹ̀rọ ló sọ, mà. Èmi ni mo kọ́ ọ ní irọ́."

Alàgbà ní, "Nítorí mi ni?"

Ó na ọwọ́, ó gba ìwé máàkì tó wà níwájú alága, ó fi ìka tọ́ ọ ní ìlà kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bó ṣe tọ́ nọ́ńbà lọ́jọ́sí. Nígbà tó dé ìlà kejìlá, ó dúró.

"Ìlà kan ni mo fò," ló wí. "Èmi ni mo tẹ èyí. Mo fo ìlà kan, gbogbo wọn sì sún sísàlẹ̀." Ó bọ́ awò rẹ̀. "Ẹ pe ọmọ yẹn wọlé kó wá jókòó. Ẹ pe ìyá rẹ̀ náà."

Ìyá Ràfátù wọlé, ó wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ṣé ẹ ti wá rí olè náà?"

Alága ṣàlàyé ọ̀rọ̀ nọ́ńbà náà. Ràfátù ló túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá rẹ̀. "Kò sí olè, Ìyá. Àgbà méjì ló bọ̀wọ̀ fún ara wọn."

Wọ́n gba ìwé pé kó lọ jókòó sílé padà lọ́wọ́ Ràfátù, wọ́n tún máàkì ṣe. Èmi gba ìwé ìbáwí, wọ́n sì dá ìgbéga mi dúró. Mo rò pé wọ́n á lé mi. Wọn ò lé mi, Ọ̀gá ni kò jẹ́. Àmọ́ Ràfátù ò lò ju oṣù méjì lọ lẹ́yìn náà. Ó ní bí òun bá ń kọjá, àwọn kan ṣì máa ń kó ìwé wọn kúrò lórí tábìlì. Ó lọ sí Àjàṣẹ́-Ìpo, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù aṣọ rírán.

Ọ̀gá fẹ̀yìn tì, mo sì di ẹni tí àwọn mìíràn ń pè ní ọ̀gá. Irinṣẹ́ yí padà léraléra. Wọ́n gbé Ìyálé jù sẹ́yìn ilé, ẹyẹ ń sùn nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ di méje. Lóde òní, o kì í gbé páswọ́ọ̀dù kiri mọ́: o máa fi hàn lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀, wọ́n á fún ọ ní ohun kan bíi tíkẹ́ẹ̀tì, òun ni wàá máa fi wọ gbogbo ilé títí di ìrọ̀lẹ́. Ó dára, àmọ́ aago gbogbo ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ bára mu. Bí ti ọ̀kan bá fi ìṣẹ́jú márùn-ún ju ti èkejì lọ, wọn ò ní gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Pẹ̀lú iná mànàmáná tiwa tó ń lọ tó ń bọ̀, ẹ lè mọ iye ìgbà tí mo dúró síwájú ẹ̀rọ pẹ̀lú aago ọwọ́ mi. Èmi ni mo tún gbé e kalẹ̀ pé a kì í gba nọ́ńbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni fún ẹlòmíràn láé, ẹni náà ì báà ti lọ, ì báà ti kú. Àwọn ọmọ tí mo kọ́ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé Màmá ń ka ẹni lójú oorun. Òótọ́ ni. Mo ń kà á.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ ṣe é. Iṣẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n kí ẹ mọ̀ pé orúkọ ènìyàn ni ẹ ó máa gbé lọ́wọ́, ó sì fúyẹ́ débi pé ẹ lè má mọ ìgbà tó bọ́. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Mo gba èyí gbọ́ fún ìgbà pípẹ́.

Lánàá, mo pe Ràfátù lórí fóònù láti tọrọ àyè. Mo ní màá fi orúkọ mìíràn pè é nínú ìwé yìí, màá sì yọ ìlú rẹ̀ kúrò, kí ojú má baà tì í. Mo ń gbọ́ ìró máṣíìnì rẹ̀. Ó dá a dúró.

"Ẹ má yọ ọ́, Àǹtí. Ẹ kọ Ràfátù, kí ẹ sì kọ Rórè. Ọjọ́ kejì ni wọ́n ti gbọ́ níbẹ̀ pé mo ta máàkì. Títí di òní, ẹnikẹ́ni ò tíì sọ fún wọn pé kì í ṣe èmi."